Kẹ́ẹ̀gì Omi Tí Mo Gbé Lọ sí Láàbù

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níbí, tí mo sì máa ń dá wọn lẹ́jọ́ nínú yàrá mi. Ẹni tó ja ọ̀gá rẹ̀ lólè, ẹni tó purọ́ fún ọkọ rẹ̀. Màá pòṣé, màá ní èmi ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Ọlọ́run ti mú mi. Èmi náà ló kàn lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó ti lé lọ́dún kan. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá mi. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ níbí nítorí pé ẹ ò mọ̀ mí, àti nítorí pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Orúkọ tí mo lò fún àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ilé bàbá wa ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá mi, kí wọ́n má baà dá wà. Mò ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí mi ò ní dárúkọ. Èmi ni mò ń tọ́jú awò tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Èmi ni mò ń fọ ìgò, èmi ni mò ń wọn nǹkan, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá dára, ọ̀gá ló ni ín. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á ní ta ló ṣe é. Mi ò fi ìbínú sọ ọ́ o. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀gá mi, Dókítà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Dókítà ìwé ni wọ́n, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ará Èkìtì ni wọ́n, onígbàgbọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jẹun láìpe ẹni tó wà nítòsí. Ohun tí wọ́n ń wá kiri láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n ni bóyá agbára òòfà tó ń jáde lára wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá lè ṣe ohun ẹlẹ́mìí ní nǹkan. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló kóra jọ di gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí Ọlọ́run dá, àti pé àwọn nǹkan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kéré débi pé òòfà lè fà wọ́n síbí tàbí kó tì wọ́n sọ́hùn-ún. Ṣé ó ń fà wọ́n lóòótọ́? Ṣé fífà yẹn pọ̀ tó láti ṣe jàǹbá? Ìbéèrè wọn nìyẹn.

Àlùbọ́sà la fi dán an wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbé ìdí àlùbọ́sà lé ẹnu ife omi, kò ní pẹ́ tí á fi ta gbòǹgbò funfun. Bí ẹ bá gé ṣóńṣó gbòǹgbò yẹn, tí ẹ fi aró kùn ún, tí ẹ gbé e sábẹ́ awò, ẹ ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì. Gbòǹgbò tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín dáadáa ló ń dàgbà. Èyí tí kò bá pín mọ́, nǹkan ti ṣe é.

A nílò kọ́ìlì ńlá kan, ìyẹn wáyà tí a wé yípo yípo kí iná lè gbà á kọjá, tí a máa kó àlùbọ́sà sáàárín rẹ̀. Èmi ni mo ní kí Dókítà má wulẹ̀ wá a lọ síbì kankan, pé ẹ̀gbọ́n mi lè wé e.

Bọ̀dá Jímọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n. Ìyá kan náà ló bí wa. Iṣẹ́ kọ́ìlì wíwé ni wọ́n ń ṣe. Fáànù tó jóná, mọ́tò tó ń fa omi kànga ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ tí kò gbé iná mọ́, ọ̀dọ̀ wọn làwọn èèyàn ń gbé e wá. Wọ́n ń wá láti Ilemona, wọ́n ń wá láti Ẹ̀rìn-Ilé pàápàá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe wà láàárín àwa àti àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá jóná, ẹnikẹ́ni kì í rántí ilẹ̀. Bọ̀dá máa ń gbé kọ́ìlì lé itan bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí wáyà yí po lábẹ́ ẹnu. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kí wọn nígbà yẹn. Bí o bá kí wọn, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì bú ọ.

Wọ́n wé ti Dókítà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rẹwà.

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ rèé. A kó àwọn àlùbọ́sà kan sáàárín kọ́ìlì, a kó àwọn yòókù sí igun yàrá lọ́hùn-ún níbi tí òòfà ò lè dé. Dókítà kìlọ̀ fún mi títí etí mi fi kún. Ife kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, omi kan náà. Òòfà nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyàtọ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ọ̀kan wà ní igun yàrá, kí n má baà máa rìn káàkiri. Láràárọ̀ ni mò ń pààrọ̀ omi inú ife, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí, ibi tí omi ti wá.

Kọ́ìlì a máa gbóná, omi ibẹ̀ a sì máa tètè fà. Kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ omi wa ò fa omi, Dókítà sì ti lọ sí Èkìtì. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan wá láti ilé tí mo fẹ́ fi fọ ìgò. Mo dà á sínú ti ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì. Òun ni mo lò fáwọn àlùbọ́sà inú kọ́ìlì títí iṣẹ́ fi parí. Ti igun yàrá, omi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní omi ni omi. Wọ́n ṣáà ní omi ò lọ́tàá. Àyè tí mo yẹ kí n kọ ibi tí omi ti wá sí, mo fi í sílẹ̀. Mo ní màá kọ ọ́ bó bá yá.

Ọjọ́ tí Dókítà dé, a yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ti igun yàrá ta gbòǹgbò gígùn, funfun báláú. Àwọn ti inú kọ́ìlì kúrú, wọ́n ki, ṣóńṣó wọn ti pọ́n. Mo gbé wọn sábẹ́ awò, mo kà, mo tún kà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ò tó nǹkan. Dókítà yọ awò ojú wọn, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàbù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run. Wọ́n pe ìyàwó wọn lórí fóònù. Wọ́n ní, "Mama, a ti rí i! A ti rí i o!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí o.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Mo jí, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá ìyá mi nídìí dírọ́ọ̀mù omi kànga tí gbogbo ilé ń lò. Òkúta funfun kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ro omi náà. Álọ́ọ̀mù ni. Ẹ̀yin tó ń mu omi kànga nígbà òjò, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ ó jù ú sómi tó pọ́n, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, òkè á mọ́ kedere.

Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń fi í síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Àbí o rò pé fúnra rẹ̀ ló ń mọ́? Kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

Mo wọlé, mo tan fóònù, mo wá a. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Gbòǹgbò àlùbọ́sà kì í fẹ́ álọ́ọ̀mù. Bó bá mu ún, á kúrú, á ki, ṣóńṣó rẹ̀ á pọ́n, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò ní pín dáadáa mọ́. Àpèjúwe náà bá ohun tí mo fi ojú ara mi rí mu látòkè délẹ̀. Kì í ṣe òòfà ló ṣe àlùbọ́sà wa. Omi ilé wa ni.

Mo múra, mo lọ sí láàbù láti lọ sọ fún Dókítà. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo lọ láti sọ ọ́. Mo bá wọn nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n sún mọ́ ibí, kí n wá wo nǹkan. Orúkọ mi ni mo rí lábẹ́ tiwọn, lórí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù, kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí rí, àfi ìwé tí a fi ń fọwọ́ sí i pé a wá síbi iṣẹ́. Dókítà ní, "Ìwọ lo ṣe iṣẹ́ yìí. Kò dáa kí n dá nìkan jẹ ẹ́." Wọ́n wá ní kí n mú ìwé àkọsílẹ̀ wá kí wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí àyè tí mo fi sílẹ̀.

"Omi wo la lò níbí?"

Mo gba bírò lọ́wọ́ wọn. Mo kọ "omi ẹ̀rọ" síbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló ṣófo, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyí. Ti kẹ́ẹ̀gì, àṣìṣe ni. Ti bírò, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo sọ fún ara mi pé àlùbọ́sà ṣáà ni. Ta ni àlùbọ́sà máa pa? Ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n díẹ̀ máa kà, tí wọ́n á tì sínú àpótí. Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn.

Nígbà tó yá, Dókítà sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà níwájú àwọn èèyàn nílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó wé kọ́ìlì náà wá. Bọ̀dá Jímọ̀ wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ wọn wá. Dókítà ní kí wọ́n dìde, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bi í, Bọ̀dá nawọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà yìí, ṣé ó jọ ti èèyàn?"

Dókítà máa ń pe gbogbo ọkùnrin Mùsùlùmí ní Alhaji, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò dé Ìlọrin rí. Wọ́n ní, "Alhaji, ó jọ ọ́ láwọn ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà kì í ṣe èèyàn. A ò tíì lè sọ nǹkan kan nípa èèyàn o."

Dókítà sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ èmi tí mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ojú wọn. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ. Ọdún kọkànlá rèé tí Bọ̀dá Jímọ̀ fẹ́ Sìkírà, ìyàwó wa, wọn ò sì tíì bímọ. Sìkírà ló ru gbogbo ẹ̀bi náà. Ìyá tó bí mi ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọn ò ṣe dáadáa sí obìnrin yẹn. Wọ́n á gba ọmọ aládùúgbò pọ̀n, wọ́n á gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà Sìkírà, wọ́n á máa fi orin ki ọmọ náà kí Sìkírà lè gbọ́. Sìkírà kì í fèsì. Èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò pe orúkọ mi rí. Adúmáadán ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé gidi, ẹ̀yin ló sì ń lò fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, Bọ̀dá pe ìyá mi jókòó. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bi Sìkírà léèrè ọmọ mọ́. Èmi ni. Kọ́ìlì ni. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé e lé itan." Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìyá fúnra wọn dìde lọ bá Sìkírà ní yàrá rẹ̀, wọ́n di mọ́ ọn, wọ́n ní kó foríjì àwọn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí igi. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo lè sọ pé kọ́ìlì tí kò sí iná nínú rẹ̀, wáyà lásán ni. Mo lè sọ ti omi. Mo yí padà lọ sí yàrá mi.

Láàárín oṣù kan, Bọ̀dá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan fún wọn nílẹ̀ ní Ojoku, wọ́n ń lọ kọ ebè iṣu níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò ro oko rí láyé rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn méjèèjì ti fẹ́ lọ rí dókítà ìbímọ kan nílùú Ìlọrin, wọ́n ti gba ọjọ́. Wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní kí ọdún méjì kọjá kí òòfà kọ́kọ́ kúrò lára Bọ̀dá. Sìkírà ń sún mọ́ ogójì. Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí ọdún méjì jẹ́.

Nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ láàbù, mo tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn Dókítà. Omi ẹ̀rọ ni mo lò lápá méjèèjì. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n, wọn ò yàtọ̀ síra. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá fi àlùbọ́sà kan sínú omi álọ́ọ̀mù láìsí kọ́ìlì rárá. Ó kúrú, ó ki, ó pọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ láàbù, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ojoku lọ bá Bọ̀dá lóko. Mo ní, "Bọ̀dá, àlùbọ́sà lásán mà ni o. Dókítà pàápàá ò sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún èèyàn."

Wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ wọn sí mi. Ó ti lé ròrò. Ọwọ́ tó ń wé wáyà tín-ín-rín bí irun. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, má tù mí nínú. O ò mọ oore tí o ṣe mí. Fún ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn. Ní báyìí mo mọ̀ ọ́n." Mo tún gun ọ̀kadà padà wálé.

Ṣé ẹ rí bó ṣe rí? Bí mo bá sọ̀rọ̀, Dókítà á di onírọ́ lójú gbogbo àwọn tó ka ìwé wọn, wọn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bi ọmọ á padà sí Sìkírà lọ́rùn. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á kú sí ìdí ebè tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ọjọ́ orí ìyàwó wọn á sì máa lọ. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èyí, mi ò rí ibi tí màá ti gbá a mú.

Ọ̀rọ̀ ti wá kọjá agbára mi báyìí. Alhaji tó jẹ́ olórí ẹbí wa sọ pé àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé kí Jímọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó sì fẹ́ ìyàwó mìíì. Wọ́n tiẹ̀ ti rí ọmọbìnrin náà. Bọ̀dá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́ fún ẹbí. Alhaji ní ó dáa. Kí n wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, kí n fọwọ́ lé Kùránì, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Bí mo bá sọ pé kọ́ìlì ló fà á lóòótọ́, àwọn ò ní dárúkọ ìyàwó kejì mọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ àti gbogbo irinṣẹ́ Bọ̀dá ń bọ̀ wá kó wọn.

Sìkírà wá bá mi lánàá. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Adúmáadán mi, ẹ má bẹ̀rù wọn. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ ṣáà sọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Ẹ má ní kí n sá lọ bá ọkọ mi, wọ́n á wá mi kàn. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: bí mo bá gbé ọwọ́ lé Kùránì yẹn, tí Sìkírà jókòó ní iwájú mi tó ń wò mí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ? Ẹ tètè fèsì. Ọjọ́bọ̀ la wà yìí.